Aago Inú Bẹ́ńsì Bámgbóyè

Ṣọ́ọ̀kì kì í parọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kí ó wá sí ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́, kí ó wo ògiri gáréèjì. Gbogbo nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n láràárọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. N kì í bá nọ́ńbà ṣeré.

Abigail lorúkọ mi. Ìyá Dọ̀tun ni àwọn ará àdúgbò ń pè mí. Bámgbóyè lọkọ mi. Ẹ ṣàkíyèsí pé n ò pè é ní olóògbé, n ò sì sọ pé ó wà láàyè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn. N kì í ṣe abilékọ mọ́, n kì í sì í ṣe opó.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló wa Bẹ́ńsì rẹ̀ lọ sí Ẹmùré. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì gidi ni Bẹ́ńsì yẹn, búlúù ni, awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, Bámgbóyè kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ inú rẹ̀, títí kan èmi tí mo ń fọ bàtà fún un. Àwọn àgbẹ̀ ló rí ọkọ̀ náà lẹ́bàá ọ̀nà, lẹ́yìn Ìsẹ̀. Ìlẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ṣí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga. Òun nìkan ni kò sí níbẹ̀.

A wá a nínú igbó, a wá a nínú odò, a wá a ní ọsibítù. Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́pàá fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Bẹ́ńsì náà wálé fún mi, wọ́n sì fún mi níwèé. Wọ́n kọ ohun tí aago kìlómítà kà sínú ìwé náà: 148206. Mo ti ọkọ̀ náà mọ́ inú gáréèjì, mo fi tapólì bò ó. Adìẹ yé sínú rẹ̀. Eku jẹ àga rẹ̀. N ò wo ibẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Dọ̀tun, wà ní Ìbàdàn. Ilé wá dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Ta ló ń gún iyán ẹnìkan ṣoṣo? Èmi ni. Odó kan náà tí a fi ń gún ti èèyàn mẹ́ta, mò ń ju ègé iṣu méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń ká mi lára gan-an. Lọ́jọ́ kan, mo fi ọmọ odó sílẹ̀, mo lọ ká tapólì kúrò lórí Bẹ́ńsì.

Fámúrewá, bàbá mẹ́káníìkì tó wà lọ́nà Ìsẹ̀, ló ń tọ́jú ọkọ̀ náà láyé ìgbà tí ó ń rìn. Mo ní kí ó wá kọ́ mi níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́.

"Màmá, uṣẹ́ mẹ́káníìkì? Lọ́mọ ọgọ́ta ọdún?"

"Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn le ju ẹ́ńjìnnì lọ."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. A gbé ọkọ̀ náà ka búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, a yọ táyà rẹ̀ tó ti jẹrà. A tú orí ẹ́ńjìnnì, a gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀. Mo já bóòtù méjì. Mo da ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ ara mi. Mo yọ họ́ọ̀nù pẹ̀lú àwọn irin kéékèèké tó ti dípẹtà, mo rẹ gbogbo wọn sínú agolo kẹrosíìnì.

Họ́ọ̀nù yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Tí Bámgbóyè bá ti dé ẹnu géètì, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú, lẹ́ẹ̀kan ní gígùn. Èmi náà á pariwo láti inú ilé pé, "Mo gbọ́ o!" Tí n ò bá tíì dáhùn, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì ní bọ́ọ́lẹ̀. Á kàn jókòó síbẹ̀, á máa retí. Agídí rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. N kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ jókòó sínú Bẹ́ńsì náà lẹ́yìn ìsìn, ní àga ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ tèmi. Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ ti dé. Kò sí ariwo ọmọdé, kò sí ti ẹ̀rọ iná. Mo fi ìka nu eruku ojú aago. 148209.

Mo wọlé lọ mú ìwé àwọn ọlọ́pàá. 148206 ló wà níbẹ̀.

Mo ní ọlọ́pàá ló ṣì í kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti di 210. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ògiri. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 211. Mo fi han Fámúrewá nígbà tí ó dé.

"Aago ò lè yí láìsí táyà," ó ní. "Inú jíà ni wáyà ẹ̀ ti wá."

Ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tú wáyà aago náà, ó fà á jáde, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó dúdú, ó gùn, ó kún fún gírísì.

"Ó parí," ó ní.

Mo gbé wáyà náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Láàárọ̀ ọjọ́rú, 212.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fámúrewá wo ògiri, ó wo aago. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Látibi tí wọ́n ti rí mọ́tò yí dé ulé, kìlómítà mélòó ni?"

N ò ní láti rò ó. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi rin ọ̀nà yẹn nígbà tí à ń wá a. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ jọ.

"Àjò kì í dùn kónulé má re ulé," ó ní. "Màmá, ẹ má bínú. N ò lè dúró síbi tí wọ́n ti ń retí ẹni yẹn."

Ó lọ. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èkejì rẹ̀ náà: inú mi dùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gún iyán èèyàn méjì.

Ọjọ́ kejì ni Àǹtí Beatrice dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun sì ni àgbà ìdílé wọn. Kò jókòó.

"Ìyàwó, a ti mú ọjọ́. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni a óò sin Bámgbóyè."

Ọ̀rọ̀ Dọ̀tun ló fà á. Ó fẹ́ fẹ́ Folúkẹ́, ọmọ olùkọ́ kan ní Ìsẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà ní àwọn ò lè fi ọmọ sí ilé tí a ò ti mọ̀ bóyá bàbá ọkọ wà láyé tàbí kò sí. Ta ni yóò kọ ìwé ìtọrọ sí wọn? Orúkọ ta ni wọn yóò pè?

Mo lọ síwájú ògiri, mo ṣe ìṣirò náà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, aago yóò ka 236. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, á ka 237. Kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò sì pé.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Kín lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá?"

Dọ̀tun pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí Dádì sinmi. Ẹ jẹ́ kí n níyàwó." Ó ń sunkún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, kò sunkún nígbà náà. Mo ní ó dáa.

Ní ìdílé wọn, ẹni tí a ò bá rí òkú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ni à ń sin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bo ilẹ̀, àgbà ilé á dúró létí sàréè, á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, á bi ìyàwó olóògbé bóyá ó gbọ́ ìdáhùn. Bí ó bá ní òun gbọ́, ìsìnkú ti tú ká nìyẹn, wọ́n á gbé aṣọ náà padà sílé. Pásítọ̀ wa mọ̀ nípa àṣà yìí. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, á kàn máa wá ojú ewé kan nínú Bíbélì rẹ̀ títí wọn óò fi ṣe tán.

Láàárọ̀ Sátidé, aago ka 236. Mo gbálẹ̀ láti ẹnu gáréèjì dé ojú títì. Mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, mo gbé òkúta tì í. Mo wọ aṣọ dúdú, mo lọ.

Ẹ̀yìn agboolé wọn ní ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Wọ́n ti gbé agbádá rẹ̀ àti fìlà inú ọkọ̀ yẹn sínú pósí. Oòrùn wà lókè orí gan-an, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bò ó lójú. Kò sí atẹ́gùn. Àǹtí Beatrice bọ́ bàtà.

"Bámgbóyè!"

Ó tún sún mọ́ etí sàréè.

"Bámgbóyè!"

Mò ń gbọ́ èémí ara mi.

"Bámgbóyè! Bó o bá wà láyé, dáhùn!"

Mo gbọ́ ọ. Ó jìnnà, láti apá ibi tí ilé mi wà. Lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú, lẹ́ẹ̀kan ní gígùn.

Mo wo ojú àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó yíjú. Ajá kan tó sùn sábẹ́ igi ọsàn ló gbé orí sókè, ó wo apá ibẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ lélẹ̀ padà. Mo sọ fún ara mi pé àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ máa ń gbé ohùn kiri, pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ họ́ọ̀nù yẹn. Inú agolo kẹrosíìnì ni mo fi í sílẹ̀ sí láàárọ̀.

"Ìyàwó," Àǹtí Beatrice ní, "o gbọ́ ọ?"

Mo wo Dọ̀tun. Ó di ọwọ́ Folúkẹ́ mú. Ó ń wo ẹnu mi.

"N ò gbọ́," mo ní.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n bu erùpẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo dà á sórí pósí.

N ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé mi wálé. Géètì ṣì wà ní ṣíṣí, òkúta kò kúrò nípò rẹ̀. Ilẹ̀ tí mo gbá ṣì mọ́ tónítóní, kò sí ipa táyà níbẹ̀. Họ́ọ̀nù wà nínú agolo. Mo wọ inú Bẹ́ńsì, mo jókòó sí àyè mi. 148237. Ó pé.

"Mo gbọ́ o," mo ní. Mo tún un sọ títí ohùn mi fi há. Kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo inú ọkọ̀ náà tutù, pẹ̀lú ooru ọ̀sán yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aago ka 236.

Lọ́jọ́ Ajé, 235.

Ó ń padà. Ó ti dé ẹnu géètì, ó tẹ họ́ọ̀nù, ó retí mi. Ó gbọ́ pé n ò gbọ́. Nísinsìnyí, ó ń gba ọ̀nà tí ó gbà wá lọ padà, ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. N ò mọ ohun tó wà ní ìkẹyìn ọ̀nà náà. Mo kàn mọ̀ pé tí aago bá ti ka 206, ìṣirò mi ti tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fámúrewá yọ sí mi láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́ pè é. Ó wo ògiri, ó rí i pé nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó sì mú sípánà. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá. Èmi ni mo dá orí ẹ́ńjìnnì padà sípò, bóòtù kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fọ họ́ọ̀nù, tí mo dè é padà síbi tí mo ti yọ ọ́. A ra táyà tuntun, a sì gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Dọ̀tun ń pè, ó ń sọ bí ìgbéyàwó yóò ṣe rí, inú rẹ̀ ń dùn. Mò ń dá a lóhùn. N ò sọ fún un.

Àná ni ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó wú ikọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ geere. Fámúrewá nu ọwọ́ rẹ̀ lára àkísà.

"Ẹ jẹ́ n bá a yín lọ, Màmá. Ẹ ẹ̀ tíì mọ uṣẹ́ yí tó. Bó bá kú sọ́nà ńkọ́?"

"Rárá. Àga ẹ̀gbẹ́ mi gbọ́dọ̀ ṣófo."

Òní, aago ka 209. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, màá wa Bẹ́ńsì lọ sí ibi tí wọ́n ti rí i lẹ́yìn Ìsẹ̀. N ò mọ bóyá màá bá a níbẹ̀, tàbí bóyá ojú ọ̀nà ni màá ti pàdé rẹ̀. N ò tilẹ̀ mọ ohun tí aago yóò ṣe nígbà tí táyà bá ń yí.

Tí mo bá débẹ̀, n ò ní bọ́ọ́lẹ̀. Màá tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú, lẹ́ẹ̀kan ní gígùn, màá sì máa retí. Òkùnkùn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, òkú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ó lè gbọ́ mi, kí òun náà sì sọ pé òun ò gbọ́.