Fáìlì Tí Ẹlòmíràn Ń Lò Lọ́wọ́

"Ẹlòmíràn ń lo fáìlì yìí lọ́wọ́. Kíkà nìkan ni o lè kà á."

Ọwọ́yá ka ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà, ó sì pòṣé. Ìgbà kẹrin rèé láàárín wákàtí kan.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni ó wà nínú yàrá náà. Wáyà ni ó so wọ́n mọ́ ti olùkọ́, níbi tí wọ́n tọ́jú fáìlì àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá sí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ni olùkọ́ yàn láti máa tẹ orúkọ àti àwọn iṣẹ́ ìdánwò, bí Ìṣirò àti Bàọ́lọ́jì, tí oníkálukú yóò ṣe sínú rẹ̀: Ọwọ́yá, tí ìka rẹ̀ ń sáré bí òjò orí páànù, àti Jẹ́jẹ́, tí kì í tẹ lẹ́tà kan láì wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí fáìlì ni kọ̀ǹpútà ń tì í fún, títí yóò fi pa á dé.

"Jẹ́jẹ́, ìyá àgbà, ṣé o ti sùn sórí fáìlì yẹn ni?"

"Mi ò sùn. Iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì tó kọjú sí tiwa ni mò ń tún ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti pààrọ̀ iṣẹ́. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n, ó ku mẹ́fà."

"Kó o tó parí, màá ti bímọ!"

"Bí i. Màá bá ọ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó dìde. "Mò ń lọ bi ẹnì kan léèrè ọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án."

Kò tíì jìnnà tí àwọn ọ̀rẹ́ Ọwọ́yá fi yọjú lójú fèrèsé. "Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o! Àbí o ti di ìyàwó kọ̀ǹpútà?"

Orúkọ mẹ́ta péré ni ó kù fún Ọwọ́yá, ó sì ti tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀dà fáìlì náà tí ó ti tọ́jú láti ọjọ́ Ajé, kí Jẹ́jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tirẹ̀. Ó wo tábìlì olùkọ́. Wọ́n kọ páásíwọọ̀dù sórí ìwé pélébé kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ta ní í ti ilẹ̀kùn tán, tí í so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lára? Olùkọ́ wọn ni. Ọwọ́yá fi orúkọ olùkọ́ wọlé, ó já títì náà, ó sì gbé ẹ̀dà tirẹ̀ lé ti Jẹ́jẹ́ lórí. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sáré jáde. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ padà dé, olùkọ́ ti ti yàrá.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ tẹ ìwé jáde. Iṣẹ́ mẹ́rìnlélógójì náà wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí àtúnṣe kankan. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí.

"Ọjọ́ mẹ́ta lo fi jókòó síbí!" olùkọ́ jágbe mọ́ Jẹ́jẹ́. "Kí lò ń tẹ̀?"

"Mo tẹ̀ ẹ́, sà."

"Ó wá fò lọ? Pe ìyá rẹ wá!"

Bí olùkọ́ bá ti wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lo fáìlì náà nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ ara rẹ̀ ni ìbá rí níbẹ̀. Kò wò ó. Ó rọrùn láti bínú sí ẹni tí kì í jiyàn. Ọwọ́yá jókòó sí ìjókòó rẹ̀, ó ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ti kọjá kí ìyá Jẹ́jẹ́, aránṣọ, tó dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Olùkọ́, ọmọ mi máa ń pẹ́ nídìí iṣẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn."

"Màmá, ẹ ò rí i pé ọ̀lẹ ni?"

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni Ọwọ́yá dìde.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo já títì fáìlì náà, tí mo gbé tèmi lé ti Jẹ́jẹ́ lórí. Páásíwọọ̀dù yín ni mo lò."

Olùkọ́ ya ìwé pélébé náà kúrò, ojú tì í. Jẹ́jẹ́ nu ojú, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ń pe iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọwọ́yá ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí aago méjìlá lù, mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti tún ṣe. Ó ku ẹnì kan.

Ẹni náà ni ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Nọ́ọ̀sì, nítorí iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́. Bàọ́lọ́jì kò sí nínú iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀, láìsí i kò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àfi kó dúró de ìdánwò ọdún tí ń bọ̀.

"Kọ̀ǹpútà ló dà á rú," ni olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nígbà tí wọ́n pè é wá.

"Rárá, sà," ni Ọwọ́yá wí. "Kọ̀ǹpútà ní kí n dúró. Èmi ni mi ò dúró, nítorí mo fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó tún yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo dákẹ́ fún wákàtí méjì."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ọdún kan gbáko? Nítorí bọ́ọ̀lù?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi sọ́kàn: a kì í ti ohun àjọlò láti fi ìyà jẹ ẹni tí ń kánjú, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni a fi ń ṣọ́. Ẹni tí ó já a jẹ̀bi, ẹni tí ó lẹ kọ́kọ́rọ́ síta náà jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ni yóò sì fi odidi ọdún kan jókòó sílé.