Ọ̀dà Pupa Lára Igi Fúrúùtù

Inú awò tí Mùsáfírù fi ń wọn ilẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Toyyibah. Òpó kan ló ń wá ní ìkángun ilẹ̀ àdúgbò ní Lotto, lágbègbè Mowe, àmọ́ ọmọge ni ojú rẹ̀ bá pàdé. Ó fi ètè há abẹ́rẹ́, ó tẹ́ híjáàbù tó ń rán sórí itan, òjìji igi fúrúùtù ńlá kan sì bò ó tòun ti maṣíìnì rẹ̀. Mùsáfírù gbàgbé òpó.

"Ẹ̀gbọ́n wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ṣé èmi náà wà lára ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n ni?"

"Tí ẹ bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ yìí ò ní tán láéláé."

Ọmọ Ìwó ni Mùsáfírù, ó rẹ́ǹtì yàrá kan sí Mowe. Káńsù ló gbé iṣẹ́ fún un, nítorí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbẹ̀bí sórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Alhaji Jẹ̀lílì, bàbá Toyyibah, ni alága àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá bẹ̀bẹ̀ fún nípàdé: kí wọ́n má fọwọ́ kan igi fúrúùtù. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti so yìgì òun àti ìyá Toyyibah tó ti jáde láyé, ibẹ̀ ni Toyyibah náà sì fẹ́ kí wọ́n ti so tirẹ̀. Káńsù gbà.

Oṣù méjì gbáko ni Mùsáfírù fi wọn ilẹ̀ tí kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Gbogbo Lotto ló mọ ohun tó ń wọ̀n.

Ní ọjọ́ kan, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi náà, kó lè mọ ibi tí yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Toyyibah dá maṣíìnì dúró.

"Olówó orí mi, pa ìyẹn rẹ́ o. Ní Mowe ńbí, ohun tí wọ́n bá ti kùn ní pupa, wọ́n fẹ́ wó o nìyẹn."

"Màá fi pẹtiróòlù nù ún lọ́la."

"Tó o bá gbàgbé ńkọ́?"

"Ṣé mo gbàgbé ẹ rí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ mìíràn pè é sí Ibogun. Inú ọkọ̀ ló wà tó fi rántí ọ̀dà náà. Ì bá pe Toyyibah kó bá a nù ún, ṣùgbọ́n ojú tì í, ó mọ̀ pé yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, kò séwu.

Lọ́jọ́ kẹta, Toyyibah pè é, àmọ́ ẹkún nìkan ló gbọ́, àti ariwo ẹ̀rọ agégi. Àwọn òṣìṣẹ́ kọngílá tí káńsù gbé iṣẹ́ ìkọ́lé fún rí pupa, wọ́n sì gé e.

Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji.

"Bàbá, èmi ni mo kùn ún. Toyyibah kìlọ̀ fún mi. Mo sì rántí, ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n pè é."

Alhaji fà á lọ́wọ́. "Dìde. Ìyá Toyyibah ni mo máa ń lọ bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùsáfírù ju igbe lọ. Fún oṣù mẹ́fà, Toyyibah kò gbé fóònù rẹ̀. Mùsáfírù gbin fúrúùtù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté igi náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pọn omi wá bomi rin ín. Ní Jímọ̀ kan, Toyyibah wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọdún mélòó ni yóò fi ní òjìji?"

"Bí ọdún mẹ́wàá."

"Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin."

"Mo mọ̀."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o wà nítòsí títí màá fi dárí jì ẹ́ tán."

Lọ́jọ́ yìgì wọn, Toyyibah kọ̀ jálẹ̀, kò jókòó sábẹ́ kánópì. Ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà ló tẹ́ ẹní sí, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí nígbà tirẹ̀. Oòrùn ń jó o lójú. Wáàsí ń lọ lọ́wọ́ ni Mùsáfírù dìde, ó lọ dúró síwájú oòrùn, òjìji rẹ̀ sì bo ìyàwó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Ààfáà ní kó padà jókòó.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Alhaji Jẹ̀lílì wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró."

Mùsáfírù dúró bẹ́ẹ̀, òógùn ń ro lójú rẹ̀, títí wọ́n fi so yìgì náà tán.