Ọwọ́ Tó Mú Màámi Jáde

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá sí Mafolúkù kó wo ògiri ilé ìdáná màámi. Ó ṣì dúdú. Èmi Oyinkán kì í ṣe ẹni tó ń pa irọ́ mọ́ ìyá ẹ̀.

Èjìgbò ni mo ti ń ṣe tíṣà. Màámi ń dá gbé, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Ni mo bá ra kámẹ́rà sí pálọ̀ wọn, mo tún fi ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín sí àjà. Méjèèjì ń ránṣẹ́ sí fóònù mi. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́! Bí bàálù bá ti fò kọjá lókè ilé, tí kọ́tìnì mì pẹ́nrẹ́n, fóònù á ké nínú kíláàsì pé ẹnìkan wà ní pálọ̀. Ọ̀gá wa kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sú mi, mo pa gbogbo ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ti èéfín pẹ̀lú. Ó yẹ kí n dá ti èéfín sí. Mo mọ̀. Ọ̀lẹ ló mú mi.

Ní ọ̀sán Túsìdeè kan, àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Fóònù tí mo ti pa lẹ́nu mọ́ ké. Mo wò ó: "Ẹnìkan wà ní ilé ìdáná."

Mi ò fi kámẹ́rà sí ilé ìdáná.

Mo ṣí àwòrán pálọ̀. Èéfín. Màámi ti gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sùn lọ sórí àga. Mo sáré bọ́ síta, mo pariwo sínú fóònù kí ohùn mi lè jáde lára kámẹ́rà.

"Màámi! Iná o! Ẹ jáde!"

Wọ́n lajú. Wọn ò dáhùn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa: bí o bá gbọ́ ohùn tí o ò rí olóhùn, má dáhùn, má dìde.

"Èmi Oyinkán ni! Ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n fi ọwọ́ di etí. Ìyá mi fẹ́ jóná lójú mi.

Ohùn kan wá pè wọ́n láti ilé ìdáná. "Màámi." Jẹ́jẹ́. Ohùn mi ni. Èmi sì rèé ní Èjìgbò, mo panu mọ́.

Wọ́n yíjú síbẹ̀. Ara wọn balẹ̀. "Oyin, o ti dé?"

Wọ́n na ọwọ́ sínú èéfín. Wọ́n dìde láìmú ọ̀pá, wọ́n ń lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Mi ò rí ẹni tó ń fà wọ́n.

Kí kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé mi dé, àwọn aládùúgbò ti pa iná náà. Màámi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tẹ́júọlá. Mo dì mọ́ wọn, mo ń sunkún.

"Mú ọwọ́ ẹ wá."

Wọ́n yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ọ̀tún, òsì.

"Iná ti bó ọwọ́ tó mú mi jáde," ni wọ́n wí.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Èjìgbò."

Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Ìwọ máa lọ. Òun ti padà sínú ilé. Ta ló máa tọ́jú ẹ̀?"

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ìpara egbò iná ni wọ́n máa ń ní kí n rà wá. Mo ra ike kan ní Sátidé. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ó ti tán. Kò sí egbò kankan lára màámi.