Ọmọge Tó Wá Ka Ilé Wa

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Bílíkísù kí Ùsmán àbúrò mi tó rí i, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Oṣù April ni, snow ṣì wà nílẹ̀ ní Martindale, àdúgbò wa ní Canada níbí, lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀ tí gbogbo Calgary ń sọ̀rọ̀ layoff. Ọmọ mi ké láti pálọ̀ pé, "Mommy, there's a lady at the door."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọge kan ló dúró síbẹ̀, ó wé ìborùn, káàdì ìjọba ìlú wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní wọ́n rán àwọn láti ka àwọn tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan.

"How many people live here, please?"

Àlàájà, ìyá wa tó wá láti Ìwó, gbọ́ ọ láti orí àga.

"Tàíbátù, kí ló ń bi ọ́?"

"Ó fẹ́ mọ iye wa ni, mà."

"Iye ta ni? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọge náà ti kúnlẹ̀. Lórí snow ni o.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ilé Yorùbá ni mo dé. Ẹ má sọ iye kankan. Ẹ kàn máa dárúkọ àwọn tó ń sùn níbí fún mi."

Ara Àlàájà rọ̀ díẹ̀. Ó dárúkọ mi, ó dárúkọ ọkọ mi, ó wá kan àwọn ọmọ mi (ẹ̀yin náà ẹ má retí pé màá sọ iye wọn). Ó ń fi "Ọlọ́hun á dá a sí" tẹ̀lé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la wà tí Ùsmán fi gòkè wá láti basement, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájà fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

"Brother yìí ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn kì í ṣe ará ilé. Ó ń padà sí Ìwó."

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Engineer ni Ùsmán nílé iṣẹ́ epo kan. Wọ́n dá a dúró, ló bá fi ilé tó háyà sílẹ̀, ó kó wá bá mi. Àlàájà ti bá ìyá ọmọge kan tó ń jẹ́ Látífàt sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní Ìwó, ìyàwó ti ń retí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kù.

Bílíkísù wò ó. "Brother, ṣé kí n kọ yín mọ́ wọn?"

Ùsmán gbé ife tíì kalẹ̀. "Kọ mí mọ́ wọn," ló wí. "Calgary ni mò ń gbé."

Ọmọge náà gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ùsmán sáré mú un lọ fún un, kò sì tètè padà. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni o, kì í ṣe àpótí.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Bílíkísù, ohun tó ń kọ́ ni bí ìlú ṣe ń kún àti bó ṣe ń tú. Ó ń kọ ìwé nípa ìlú kan ní Poland tí wọ́n ń pè ní Łódź. Ó sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ Sunday kan, bá a ṣe ń jẹ ìrẹsì.

"Ibi kékeré ni tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ dé, èèyàn rọ́ wá, ó di ìlú ńlá. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn kógbá sílé, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, èèyàn ibẹ̀ sì ń dín kù títí dòní."

"Ṣé bí Calgary náà ṣe máa rí nìyẹn?" Ùsmán bi í.

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan dúró ní Łódź. Wọ́n sọ ilé iṣẹ́ àtijọ́ di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó dúró yẹn ni mo fẹ́ràn jù."

Ojú àbúrò mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ, ojú kì í purọ́.

Kò pẹ́ tí Ùsmán fi gba iṣẹ́ ní warehouse kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ airport, ó ń gbé páálí. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Iṣẹ́ ò tini lójú, olè ló ń tini lójú." Bó bá wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, orí mi a máa wú.

Àmọ́ lọ́jọ́ tó ní Bílíkísù lòun máa fẹ́, ilé gbóná.

"Ọmọ tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ kiri ojúlé?" Àlàájà ní. "Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi."

Ùsmán ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ fún mi pé bí òun ò bá fẹ́ Bílíkísù, òun ò ní fẹ́ ẹnì kankan, òun ò sì ní fẹ́ ẹ láìsí àdúrà ìyá òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Bílíkísù fúnra rẹ̀ ló wá bá Àlàájà. Ó kúnlẹ̀.

"O ní o mọ bí ìlú ṣe ń tú," Àlàájà ní. "Agboolé tiwa náà ń tú. Gbogbo wọn ti lọ. Èyí tí mo fẹ́ mú padà, ìwọ lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Bílíkísù ò bá a jiyàn. "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àwọn wo ló ti lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ wọn fún mi."

Àlàájà bá bẹ̀rẹ̀: Abdulfatai tó wà ní Saudi, tí ẹsẹ̀ ń dùn, Mutmainnah tó lóyún ní Ireland, àti àwọn tó kù, pẹ̀lú ìwà àti àrà oníkálukú. Ó ń sọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bílíkísù ò kọ ohunkóhun sílẹ̀, ó kàn ń gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé, á ní, "Àlàájà, ẹsẹ̀ Brother Abdulfatai ńkọ́? Ṣé Auntie Mutmainnah ti sọ̀ kalẹ̀?" Kò ṣi ẹnì kan mú fún ẹnì kejì rí.

Ní Friday kan, mo gbọ́ tí Àlàájà ń fóònù sí Ìwó. "Ẹ bá mi bẹ ìyá Látífàt dáadáa. Mo ti rí ìyàwó ọmọ mi. Èyí mọ èèyàn, kì í ṣe pé ó kàn ń kà wọ́n." Mo sá wọ kíṣìnì lọ sunkún ayọ̀.

Wọ́n so yìgì wọn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ń gbé basement mi. Ùsmán ṣì ń lọ sí warehouse, ó ṣì ń wá iṣẹ́ engineer rẹ̀. "Ìfẹ́ mi, ó dàárọ̀ o," ni Bílíkísù ń sọ fún un lálaalẹ́, wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

April tún dé. Bàbá òyìnbó kan kan ilẹ̀kùn, káàdì ìlú lọ́rùn rẹ̀. Àlàájà ló ṣáájú mi débẹ̀, Bílíkísù ń tẹ̀lé e kó lè bá a yí ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Bílíkísù, ìyàwó ọmọ mi, ni kó kọ́kọ́ kọ," Àlàájà ní. "Lẹ́yìn rẹ̀, Ùsmán. Ará ilé ni. Calgary ló ń gbé." Ó wá ń pe àwa yòókù níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdúrà.

Nígbà tó dákẹ́, bàbá náà gbé kálàmù sókè. "So how many is that?"

Àlàájà wo ikùn Bílíkísù, èyí tí ẹnì kankan nínú wa ò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

"Sọ fún un," ó ní, "pé a ò tíì parí."