Igi Keje Lókè Vadu Rece

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló fojú ara wọn rí i, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò fi iyọ̀ tàbí ata sí i. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀, nítorí n kò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ Casiana ni kí ó máa yẹ igi wò ní yàrá àyẹ̀wò. Àmì ìran kan wà nínú igi gbogbo, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA, igi kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Bí olè bá gé igi lórí òkè, tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìlagi, Casiana á gé ègé fẹ́lẹ́ kan lára ìtì igi náà, á gé òmíràn lára kùkùté tó kù nínú igbó, á sì sọ bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní oṣù kẹwàá, ọlọ́pàá kó ìtì igi fírì, igi òkè tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, méjìlá ní ilé ìlagi Gavril Ursache. Wọ́n ti àwọn ìtì náà mọ́ inú àgbàlá ọlọ́pàá. Gavril ní orí ilẹ̀ bàbá òun lòun ti gé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kùkùté tuntun mọ́kànlá wà nínú igbó ìjọba lókè Vadu Rece, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Irimie sì ni aṣọ́gbó ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, bí igi bá sọnù lọ́wọ́ aṣọ́gbó, tí kò sì rí olè mú, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí olè. Ẹ̀wọ̀n ń dúró de Irimie.

Ní oṣù kọkànlá, Casiana gòkè lọ bá a. Wọ́n gé díẹ̀ lára kùkùté mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, ó tún já ewé lára ogún igi tó dúró yí wọn ká, ó so nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ irú ẹbí tí àwọn igi ibẹ̀ jẹ́.

"Ọmọ mi, olè ò fọwọ́ kan eléyìí o." Irimie gbá igi keje lára. "Eléyìí ò lọ síbì kankan."

"Bàbá, gbogbo wọn ni mo gbọ́dọ̀ bi léèrè."

"Ó dáa, bi í. Tó bá ti dáhùn, kí o pè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n jẹ màmàlígà tútù, ìyẹn oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n rò bí tùwó, àti wàrà. Irimie fi ẹ̀yìn tì í.

Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ìtì mọ́kànlá bá kùkùté mọ́kànlá mu. Ọkàn Casiana balẹ̀. Ó wo ìkejìlá. Kò bá kùkùté kankan mu. Ewé igi keje ló bá mu.

Igi tó dúró.

Ó tún un ṣe. Ó fọ gbogbo ohun èlò, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fún ẹlòmíràn ṣe láìsọ ohunkóhun fún un. Ọ̀kan náà ni. Ó pe Irimie lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo igi keje fún mi."

Wákàtí kan kọjá kí ó tó pè padà. Ó ń mí hẹlẹ.

"Mo wà ní ìdí ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dúró. Kí ló dé?"

"Kò sí, Bàbá."

"Casiana." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹyẹ ò ké níbí mọ́. Láti ìjẹta."

Ọ̀gá Casiana ní yàrá àyẹ̀wò ka àbájáde náà, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Kọ mọ́kànlá. Mọ́kànlá tó láti fi mú Gavril. Tó o bá kọ ìkejìlá, lọ́yà ẹ̀ á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á da gbogbo ẹ̀ nù, bàbá àgbàlagbà yẹn á sì lọ sẹ́wọ̀n. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Kì í ṣe ohun tó fẹ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó fọwọ́ sí i kò fi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ sí irọ́ nítorí àánú, irọ́ náà ló fọwọ́ sí. Casiana mọ èyí. Ó kọ méjìlá.

Ní ilé-ẹjọ́, lọ́yà Gavril fi ìwé náà fẹ́ ara rẹ̀ lójú.

"Ọlọ́lá Adájọ́, igi tó wà lórí ìdúró nínú igbó ló tún wà nínú àgbàlá ọlọ́pàá! Dókítà Casiana, ṣé ó wá kí wọn ni?"

"Ó ní ẹsẹ̀!" Gavril ké láti ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Irimie kò rẹ́rìn-ín. Kò sì wo ojú Casiana.

Adájọ́ dúró kí ariwo tó rọlẹ̀. "A ó lọ wò ó," ó ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, àwọn mẹ́fà gòkè: adájọ́, akọ̀wé, lọ́yà, Gavril, Irimie àti Casiana. Yìnyín tuntun tó bọ́ lóru bo ilẹ̀. Kùrukùru bo orí igi. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níwájú wọn. Akọ̀wé ń ka kùkùté bí wọ́n ti ń lọ, títí ó fi ka mọ́kànlá.

Irimie dúró lójijì.

Kùkùté ló wà níbi tí igi keje wà. Ojú rẹ̀ dán. Oje ń ṣàn lára rẹ̀ sórí yìnyín. Kò sí ìyẹ̀fun ayùn. Kò sí ẹ̀ka. Kò sí ìtì, kò sí ojú ibi tí wọ́n wọ́ ọ gbà.

"Mo wà níbí lánàá," Irimie ní jẹ́jẹ́. "Ó dúró lánàá."

Ìtì rẹ̀ ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọlọ́pàá láti oṣù kẹwàá. Ó ti gbẹ.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀," adájọ́ ní. "Kùkùté kejìlá."

Gavril ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ funfun. Ó ń fọwọ́ ya àmì àgbélébùú sí àyà.

"Rárá. Rárá o."

"Pa ẹnu ẹ mọ́," lọ́yà rẹ̀ ní.

"Mọ́kànlá ni! Mo fi Ọlọ́run búra, mọ́kànlá ni mo gé níbí! Mi ò mọ ẹni tó gbé ìkejìlá wá. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo bá a láàárín àwọn yòókù!"

Kálámù akọ̀wé ń dún lórí ìwé. Bí Irimie ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Kò sí ẹni tó bá a yọ̀. Òun náà kò yọ̀.

"Dókítà, nígbà tí ẹ já ewé ẹ̀, ṣé ó dúró?" adájọ́ bi Casiana.

"Ó dúró, Ọlọ́lá Adájọ́."

"Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ohun tó wà níwájú yín o."

"Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà náà ni nǹkan ya gbàrà lókè wọn. Irimie fa Casiana lọ́wọ́, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín. Lókè kùkùté igi keje gan-an, igi ńlá kan ń ṣubú nínú kùrukùru. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń ṣẹ́, bí atẹ́gùn ti ń sá fún un. Wọ́n dijú, wọ́n ń retí kí ó balẹ̀.

Wọ́n retí títí. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kò balẹ̀.