Ilẹ̀kùn tí Àwáù Ṣí

Inú kùrukùru òwúrọ̀ ni ọkùnrin náà ti yọ, páálí ńlá lọ́wọ́, ìrì lára irùngbọ̀n, bí ẹni tó ń ti ojú àlá bọ̀. Àwáù, opó tó ń gbálẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Alessandria, nílẹ̀ Italy, gbàgbé ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ta ni ìyá yín? Ẹ̀yin tí irùngbọ̀n yín ti funfun!"

Ta ló ń wo ẹni tó gbẹ́rù níran? Ó fi káàdì tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọkùnrin náà sọ páálí kalẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Hàmídù ni mí, láti Padova. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá àlejò lè dé ìdí ẹ̀rọ tó tọ́jú àṣírí àwọn oníbàárà. Èmi ni ọ̀gá yín ní kí n kọ́kọ́ dán ilé wò. Ẹ má bínú."

Contratto Àwáù, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ti fẹ́ parí. Bí wọ́n bá lé e, kí ni yóò fi gba permesso tuntun, ìwé àṣẹ ìgbélùú?

Ṣùgbọ́n Hàmídù kò dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé káàdì ẹni lẹni fi ń wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, òun àti Àwáù á rìn létí odò Tanaro, kùrukùru á bo afárá, á wá dà bíi pé àwọn méjèèjì nìkan ló kù láyé.

"Ẹ ṣì ń bẹ̀rù mi?"

"Mò ń ṣọ́ yín ni."

"Ẹ ṣọ́ mi dáadáa. Olè ọkàn ni mí."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá obìnrin tó ni ilé ìkẹ́rùsí náà fárígá: kí Hàmídù dárúkọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn, àbí kó máa lọ sí Padova. Hàmídù ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú kan náà ni Àwáù ń nù nílẹ̀ nítòsí wọn. Ó gbé aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀.

"Sono io, signora. Èmi ni. Ẹrù... ẹrù wà lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn òbí mi ṣe tọ́ mi nìyẹn."

Ọ̀gá wò ó títí. "Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan, Àwáù. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Hàmídù bá Àwáù níta. "Mo ti bò yín. Kí lẹ wá sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ ń bà mí. Ẹ̀rù pé mi ò ní rí yín mọ́ ló wá jù ú lọ."

"Ta lẹ̀gbọ́n yín níbí?"

"Bọ̀ọ̀dá Yunus, ní títì tí wọ́n ń pè ní Via Padova, nílùú Milano."

"Mo fẹ́ lọ kí wọn. Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ."

Àwáù bojú wolẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pè wọ́n," ó wí jẹ́jẹ́, "kí wọ́n lè gbé oúnjẹ kaná."

Kí àwọn aláyẹ̀wò tó dé, wọ́n ti so yìgì Hàmídù àti Àwáù.