Ibi Tí Sìfáwù Kúnlẹ̀ Sí

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó gbéra, kó gba Bẹẹrẹ kọjá, kó sọ̀ sí Bẹ́yẹrúnkà, kó béèrè ilé Mọ́gàjí wa. Kó ní kí wọ́n ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún òun. Wọn ò ní í ṣí i. Ohun tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ojú mi méjèèjì ni mo sì fi rí i.

Ilémosú ni mí. Mo fi ilé ọkọ sílẹ̀, mo padà sílé bàbá mi, mò ń ta abọ́ tánganran l'Ọ́jà'ba, mò ń jẹun mi. Ẹnu mi ò dákẹ́ rí, kò sì ní í dákẹ́ lónìí.

Nílé wa, bí ọkùnrin bá ń lu ìyàwó ẹ̀, ilẹ̀kùn ni kálukú máa ń tì. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, wọ́n á ní. Ẹ ó gbọ́ igbe. Ẹ ó gbọ́ nǹkan tó ń ṣubú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí ẹbí á jókòó sórí àga ẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á pe tọkọtaya. Ẹ wá gbọ́ o: ìyàwó tí wọ́n lù ló ń kúnlẹ̀. Òun ló ń bẹ̀bẹ̀! Ọkọ á jókòó, á máa wo àjà. Mọ́gàjí á ní, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́." Àwọn àgbà á ṣe àmín. Ó parí nìyẹn.

Sìfáwù ni ìyàwó Sàláúdéènì. Sàláúdéènì yìí, ọmọ àbúrò bàbá mi ni, lọ́rì ló fi ń kó gẹdú. Ọwọ́ ẹ̀ le bíi gẹdú tó ń kó. Sìfáwù kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí a fi mọ ibi tí orúnkún ẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ilẹ̀ amọ̀ ni. Ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fomi pò ni àwọn ìyàwó ilé fi ń pa á kó lè máa dán. Òun náà wà lára àwọn tó ń pa á.

Ọdún tó tẹ̀lé omíyalé Ògùnpa, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Kò lè mí dáadáa.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dìde. Ṣé ẹ ò rí i pé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Mọ́gàjí ní, "Ìwọ tí o ò lè gbélé ọkọ, ta ló bi ọ́ léèrè?"

Ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, a ti sin Sìfáwù. Wọ́n ní ibà ni. Ibà! Ibà wo ló ń fọ́ni légungun ìhà? Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Ojú ò tì wọ́n, wọ́n tún gbé e kọ́ Ọlọ́hun lọ́rùn.

Nígbà tí àwọn ìyàwó ilé tún pa ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibì kan ò gbà. Ó tẹ̀ wọnú níbi méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n dí i. Ó tún tẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó jẹ́. Gbogbo wa la mọ ojú orúnkún tí a bá rí i.

Mọ́gàjí pe bíríkìlà, ó ní kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà. Sìmẹ́ńtì gbẹ, ó le koko. Mọ́gàjí fi ọ̀pá ẹ̀ gbá a, ó dún kó. Tó di ìrọ̀lẹ́, ibi méjèèjì ti tẹ̀. Bíríkìlà ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì yọ ọ́ kíá.

Ó ní, "Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Kò dúró kó irinṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kí wọ́n tẹ́ ẹní bo nǹkan.

Ẹ̀ ń retí pé wọ́n á bi Sàláúdéènì léèrè ọ̀rọ̀. Họ́wù! Ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fún un. Morẹ́nikẹ́ lorúkọ ẹ̀, ọmọ Òkè Bọ́lá, ọmọ pẹ̀lẹ́. Oyún ẹ̀ ti ń hàn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe ẹ̀. Mo gbé ọmọ odó, mo fi gbá ilẹ̀kùn wọn.

"Sàláú! Ṣé o tún fẹ́ pa èyí ni?"

Ó dáwọ́ lílù dúró. Kò sẹ́ni tó jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ mi, nítorí nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n pe Morẹ́nikẹ́.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ta lórí páànù, síbẹ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ọkọ ni àwọn ìyàwó ilé ń pe èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

Mo mọ̀ pé tó bá ti kúnlẹ̀ lónìí, ọ̀nà tí Sìfáwù gbà ló ń gbà yẹn, tòun toyún.

Mọ́gàjí ní, "Kúnlẹ̀."

Ẹní náà tẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ ò tíì mira. Ẹní náà tẹ̀ wọnú níbi méjì, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí ara ń ro bá ń kúnlẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń ró.

Mọ́gàjí na ọ̀pá ẹ̀ sí apá kejì. Ó ní, "Bọ́ sápá ibí."

Morẹ́nikẹ́ sún. Kó tó débẹ̀, ẹní ti tẹ̀ níbẹ̀. Mọ́gàjí nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹní tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà náà la gbọ́ èémí. Kúkúrú. Ó dákẹ́. Ó tún dún. Èémí ẹni tí ìhà ń dùn ni.

Mo ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín ná. Ẹni tí ẹ ní kó kúnlẹ̀ ti kúnlẹ̀."

Sàláúdéènì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, àfi bí ẹni tí omi ń ya bọ̀ wá bá. Ibi tó tẹ̀ náà ń sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi o: ó ń sún. N ò dúró wo ibi tó máa dé. Mo fa Morẹ́nikẹ́ lọ́wọ́, a já sí Bẹẹrẹ láìwé gèlè, mo mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ l'Ókè Bọ́lá. Ibẹ̀ ló bímọ sí. Ibẹ̀ náà ló wà.

Sàláúdéènì ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a lọ. Àwọn àgbà náà ò sọ. Wọ́n ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́n.

Àfi lánàá tí wọ́n gbé àga Mọ́gàjí sí ojúde, tí wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Mọ́gàjí ní ìyàwó kankan ò ní í kúnlẹ̀ mọ́ nílé yìí. Inú mi fẹ́ máa dùn.

Ó wá ní, "Orí ìdúró ni wọ́n á ti máa bẹ ọkọ wọn."

Àwọn àgbà ṣe àmín. Wọ́n sì ti ń wá ìyàwó míì fún Sàláúdéènì.

Láàárọ̀ yìí mo gbálẹ̀ ojúde. Òjò ò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Níwájú àga Mọ́gàjí, mo rí ojú ẹsẹ̀ méjì tó rì wọlẹ̀, ẹsẹ̀ obìnrin, tó dúró ṣánṣán. Ìka ẹ̀ kọjú sí àga. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a, ó tún yọ.

N ò gbá a mọ́. Mo fi í sílẹ̀ dè wọ́n.